Airdrop, bounty, presale: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn kan ní kí àbúrò mi obìnrin fi ₦50,000 ra token wọn, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fúnra wọn dá sílẹ̀, ní presale, ìyẹn kó tó dé ọjà, pé tó bá dé ọjà, á di ìlọ́po ogún. Owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ka tiwa níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún un.

Tèmi rèé. 2018 ni, àsìkò ICO, ìyẹn títa token fún gbogbo ayé láti fi kówó jọ. Àwọn tó ń wá owó fún iṣẹ́ wọn máa ń ya token díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá bá wọn polówó. Bounty là ń pè é. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni wọ́n fún mi: whitepaper, ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, ojú ìwé 28, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, lóru, torí dátà òru ni agbára mi ká. "Smart contract" nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yí i kí n tó rí èyí tó wọ̀: àdéhùn tó ń mú ara rẹ̀ ṣẹ.

Wọ́n san án lóòótọ́. 40,000 token wọ wálẹ́ẹ̀tì mi, àpò orí fóònù tí mo ń kó token sí. Nínú ìwé wọn, sẹ́ǹtì márùn-ún ni ọ̀kan, ìyẹn $2,000. Mo ní kí n tà á, kò lọ. Orí Ethereum, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ọ̀pọ̀ token ń gbà rìn, ló wà, ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò gbọ́dọ̀ ní ether, owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, tó máa fi san gas, ìyẹn owó ìfiránṣẹ́. Mo fi owó oúnjẹ ra díẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń ná an, àwọn tó fẹ́ tà pọ̀ bí èrò ilé epo nígbà ọ̀wọ́n, ẹni tó fẹ́ rà ò sí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n san fún gbogbo àwa tá a ṣe bounty, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa gbé e lọ sọ́jà. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe owó, àfi tẹ́nì kan bá fẹ́ fi owó tirẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ.

Ìyá Ìbejì
2024, gbogbo àdúgbò wa ló ń tẹ fóònù lórí Telegram. Mo tẹ Notcoin, eré tó ń fún èèyàn ní token torí pé ó ń tẹ ojú fóònù, àwọn ọmọ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó dé ọjà ní oṣù karùn-ún, mo tà á, mo rí owó ìrẹsì. Yàtọ̀ sí dátà, mi ò ná kọ́bọ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba èkejì gbọ́. Wọ́n fi ìlínkì sínú gúrúùpù pé airdrop mìíràn, ìyẹn token ọ̀fẹ́, ti délẹ̀, ká so wálẹ́ẹ̀tì wa mọ́ ọn. Mo so ó. Àpótí kékeré kan yọ, "Approve" ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ láì kà á. Mo rò pé mò ń gba nǹkan ni, àṣé àṣẹ ni mò ń fún wọn láti kó USDT mi, token tí ọ̀kan rẹ̀ ń bá dọ́là kan dọ́gba. $63 owó iléèwé lọ kí n tó fọ abọ́ tán. Wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ méjìlá tó ń ṣí wálẹ́ẹ̀tì mi rárá, bẹ́ẹ̀ ìyẹn nìkan ni wọ́n ti kìlọ̀ ẹ̀ fún mi.

Àjàní
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Èmi jẹ nínú airdrop ti Uniswap, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ token lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, oṣù kẹsàn-án 2020. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo ibẹ̀ ṣáájú oṣù yẹn gba 400 UNI, token tiwọn, ó ju $1,000 lọ nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti lò ó. Ẹnikẹ́ni ò ní ká polówó.

Àṣàkẹ́
Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni àbúrò náà. Ṣé jìbìtì ni gbogbo presale? Wọ́n ní bí Ethereum náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Mọ́níyà
Wọn ò parọ́ nípa ìyẹn. Ní 2014, ọjọ́ 42 ni wọ́n fi ta ether tí kò tíì sí, bitcoin tó lé ní 31,000 ló wọlé. Oṣù keje 2015 ni nǹkan ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dà bí ká dáwó fún ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìlọta wá sádùúgbò, pé á máa fi lọ ata wa. Àmọ́ ẹni tí a mọ ilé bàbá rẹ̀ ni. Vitalik Buterin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá Ethereum sílẹ̀ fojú hàn, kóòdù wọn wà níta.

Bi àwọn tìrẹ: token mélòó ló wà lọ́wọ́ wọn, ìgbà wo ni wọ́n lè ta tiwọn? Tó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á ni wọ́n máa tà á lé lórí. Tún wò ó bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, òfin 2025 ti fi irú ọjà yìí sábẹ́ wọn.

Àṣàkẹ́
Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n lè ta tiwọn. Alákòóso ní presale máa parí ní wákàtí méjì, kí n má jẹ́ kó fò mí. Mo tún un bi. Wọ́n ti yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Owó ṣì wà lọ́wọ́ mi, bùọ̀dá. Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe gba àṣẹ yẹn padà?

Ìyá Ìbejì
Mo kọ́kọ́ kó ìyókù lọ sí wálẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọmọ kan tó ń tún fóònù ṣe wá bá mi ṣí ibi tí wọ́n ti ń fagi lé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mẹ́sàn-án la bá níbẹ̀. Méjì péré ni mo rántí.