Kí ló dé tí èrò ṣì ń wọ́ lọ sí ibojì Audie Murphy?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, 1971 ni ọkùnrin yìí, ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kú. Kí ló ṣe gan-an? Kí ló sì dé tí òkúta ibojì rẹ̀ kò ní wúrà bíi ti àwọn yòókù tó gba Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn 1: January 26, 1945, nítòsí Holtzwihr ní Faransé. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sá padà sínú igbó, ó wá dá gun orí ọkọ̀ ogun tó ń jó, ó ń fi ìbọn orí rẹ̀ rọ̀jò ọta lu àwọn Jámánì fún bíi wákàtí kan. Ọmọ ọdún 19 péré!

Ìdáhùn 2: Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má fi wúrà sí i. Ẹni tó bá ń wá wúrà yóò kọjá rẹ̀ ni. Section 46 ní Arlington, ibi ìsìnkú àwọn ológun Amẹ́ríkà, ni kí ẹ lọ.

Ìdáhùn 3: Ẹ má tẹ̀ lé 1924 tó wà lórí òkúta o. 1925 ni wọ́n bí i. Wọ́n fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀ kó lè wọṣẹ́ ológun.