Àgbá ò lójú: ẹ wá sọ ìrírí yín nípa ìlà ojú àti ọta àgbá nínú ayò ogun

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ọ̀tayò ogun. Ohun tó ń fa ìjà jù lórí tábìlì ni mo fẹ́ ká jọ sọ: ta ló rí ta? Àgbá lè wà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sẹ́yìn, kó má tilẹ̀ sí lórí pátákó rárá, síbẹ̀ òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bani jù. Ṣùgbọ́n àgbá ò lójú. Ojú rẹ̀ ni alóre, ọmọ ayò kan ṣoṣo tó gbé rédíò dání, tí ìbọn ẹnikẹ́ni lè pa. Tí alóre ò bá ríran, àgbá yín di ẹrù lásán.

Advanced Squad Leader, ayò ogun orí pátákó, ni mo máa ń ta jù, èyí tó jáde ní 1985 lẹ́yìn tí Squad Leader ti 1977 ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ojúlé onígun mẹ́fà kọ̀ọ̀kan lórí pátákó rẹ̀ dúró fún 40 mítà, ìyípo kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 2. Àmì tóótóó kan wà láàárín ojúlé kọ̀ọ̀kan. Láti mọ̀ bóyá ọmọ ogun yín rí ọ̀tá, ẹ ó na òwú láti àmì tirẹ̀ dé àmì ti ọ̀tá. Tí òwú bá la àwòrán ilé tàbí igbó kọjá, kò rí i, ó parí. Tó bá jẹ́ oko ọkà tàbí èéfín ló gbà, ó ń rí i fírífírí: ojúlé ọkà kọ̀ọ̀kan ń fi 1 kún dáìsì ẹni tó ń yìnbọn, ìyẹn sì ń bà á jẹ́ fún un. Tí irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ bá pé 6, ojú ti dí pátápátá. Ọkà náà ní àsìkò tirẹ̀, June sí September. Lẹ́yìn náà, pápá gbalasa ni, ẹ má wulẹ̀ fara pamọ́ síbẹ̀.

Òfin tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé o ò gbọdọ̀ na òwú kí o tó kéde pé o fẹ́ yìn. O kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí o tó mọ̀ bóyá o ríran. Àwọn kan máa ń fi ìka fa ìlà sófúrufú bíi pé eṣinṣin ni wọ́n ń lé. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀kan tí mi ò lè gbàgbé: ẹni tí a jọ ń ta gbé alóre rẹ̀ sí àjà òkè ilé olókùúta kan, àwọn tèmi wà létí igbó. Rédíò rẹ̀ gbà, káàdì dúdú ló fà, ìyẹn ni pé àwọn alágbàá gbọ́ ọ. Ọta ìdánwò bọ́. Dáìsì aláwọ̀ sọ apá ibi tó yà sí, dáìsì funfun sọ bó ṣe jìnnà tó, ó sì já sẹ́yìn ọ̀wọ́ ilé kan. Ó ní òun rí i. Mo ní irọ́ ni. A na òwú. Ó gba etí igun òrùlé kan gan-an. Orí mẹ́ta la fi bò ó, ẹnì kan tan iná fóònù, kò sẹ́ni tó ń mí dáadáa kí òwú má baà yẹ̀. Òfin ní tí ẹ bá rí àwòrán ìdènà lápá méjèèjì òwú, ojú dí. Apá kan ṣoṣo la rí i sí. Nítorí náà alóre rẹ̀ ríran. Ó yọ̀, ó fọwọ́ gbá tábìlì. Nígbà tó tún kàn án, káàdì pupa ló fà. Àwọn alágbàá ò dá a lóhùn mọ́. Gbogbo àríyànjiyàn yẹn, lórí ọta tí kò wá.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Èsì kìíní

Orí kọ̀ǹpútà lèmi ti ń ta tèmi, Combat Mission. Kò sí òwú, kò sí ìjà, ṣùgbọ́n ìbínú ibẹ̀ tún yàtọ̀. Láti ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Shock Force ní 2007 ni ohun tí ọmọ ogun kan bá rí ti di tirẹ̀ nìkan, títí tí ìròyìn á fi dé etí àwọn yòókù. Ìwọ tó jókòó ń rí táǹkì náà kedere, torí pé àwọn méjì tó sá sínú kòtò rí i. Alóre rẹ tó wà lẹ́yìn ọgbà igi nítòsí wọn kò mọ̀ pé táǹkì kankan wà láyé. O fa ìlà ìfojúsùn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìlà náà yí àwọ̀ padà lójijì, ó já sí ọgbà igi. Bí ẹni pé kí o wọ inú kọ̀ǹpútà lọ yí i lórí ló ń ṣe ọ́.

Tó bá sì wá rí i, ọta kì í dé lọ́gán. Ìyípo kan jẹ́ ìṣẹ́jú 1, ìpè lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọta ìdánwò á bọ́, alóre á tún un ṣe, òmíràn á bọ́, kí òjò ọta tó dé. Ní ìjà kan ní Normandy, ẹni tí a jọ ń ta rí àwọn ọmọ ogun mi láàárín pápá, ó pe mọ́tà, àgbá kékeré tó ń ju ọta sókè, lé wọn. Mo rí èéfín àkọ́kọ́, mo sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n sáré. Kí ọta gidi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n ti wọ inú ilé, ó wá ń fi mọ́tà ro oko olóko. Ibi tí ọ̀tá ń lọ ló yẹ kéèyàn pe ọta sí, kì í ṣe ibi tó wà. Tí ayò náà bá sì fún yín ní ibi tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ fún àgbá kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sí ẹnu ọ̀nà tí ọ̀tá ò ní lè ṣaláìgbà. Alóre lè pe ọta síbẹ̀ láìrí i, ó sì máa ń yá.

Èsì kejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi òwú jà, adájọ́ lẹ ò ní. Tábìlì mẹ́ta lèmi àti àwọn tí a jọ ń ṣeré máa ń lò: tèmi, ti alátakò, ti adájọ́, aṣọ sì pín wa níyà. Adájọ́ nìkan ló mọ ibi tí gbogbo ọmọ ayò wà. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1824 ni Georg von Reisswitz tẹ òfin Kriegsspiel, ayò ogun tirẹ̀, jáde fún àwọn ọ̀gágun Prussia, lórí máàpù 1:8000, adájọ́ ló sì ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè rí fún wọn. Ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun alágbàá lòun fúnra rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu.

Nínú ìjà kan, èmi ni alóre. Adájọ́ ò fi ọmọ ayò kankan hàn mí, ẹnu ló ń fi yàwòrán: "Ilé àgbẹ̀ kan wà níwájú rẹ, nǹkan bíi 2000 mítà. Èéfín ọta rẹ yọ lápá òsì rẹ̀. Ìka kan ló wà láàárín wọn."

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: na apá rẹ tán, gbé ìka kan sókè, ó bo nǹkan bíi 30 mil, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń wọn igun. Ìka méjì bo 70, ìka mẹ́ta 100, ìkúùkù odindi 180. Mil 6400 ló pé òbìrí kan. Ní 1000 mítà, mil kan tó mítà kan. Ní 2000, mítà méjì. Ìka kan ní 2000 mítà wá di 60 mítà. Mo ní, "Ọ̀tún, 60."

Ìyẹn rọrùn. Ọ̀nà jíjìn ló le, ojú kì í lè wọn ọ́n. Ohun tí alóre ń ṣe ni pé á kọ́kọ́ mú èéfín wá sórí ìlà kan náà pẹ̀lú ohun tó ń wò. Tí èéfín bá bo ilé náà, iwájú ilé ni ọta bọ́ sí, ó kúrú. Tí ilé náà bá yọ gedegbe síwájú èéfín, ọta ti kọjá. Á wá fi 400 mítà kún un, á yọ 200, á fi 100 kún un, á yọ 50, á máa há ọ̀tá mọ́ àárín bẹ́ẹ̀ kí ó tó ní kí gbogbo àgbá yìn pọ̀.

Ọta kejì bọ́, adájọ́ ní, "O ò rí ilé náà mọ́, èéfín ti bò ó." Ó kúrú. Mo ní, "Fi 400 kún un."

Ọta kẹta: "O gbọ́ ìró rẹ̀. O ò rí nǹkan kan."

Mo wo máàpù. Lẹ́yìn ilé yẹn, ilẹ̀ rì sísàlẹ̀, àfonífojì kékeré kan ló wà níbẹ̀, ìlà ojú mi sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ìró ń rin nǹkan bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní mo rí ìmọ́lẹ̀ ọta náà ni, mi ò bá kà á dé ìgbà tí ìró dé, mi ò bá sì mọ bó ṣe jìnnà tó. Láìsí ìmọ́lẹ̀, kí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Mo ní kí wọ́n yọ 200, kí n lè tún fojú kan èéfín.

Kí ọta tó dé, adájọ́ ní, "Ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta sáré yọ lápá ọ̀tún ilé àgbẹ̀, wọ́n ń gba pápá lọ." Lẹ́yìn ìjà ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Inú àfonífojì yẹn gan-an ni alátakò mi kó mọ́tà àti ọkọ̀ rẹ̀ sí. Adájọ́ sọ fún un pé ọta bọ́ nítòsí wọn, ó sì rò pé mo ti rí òun. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé mi ò rí nǹkan kan. Ó sá kúrò níbi tí ojú mi ò ti lè tó o láéláé, ó bọ́ sí gbangba. Títí di òní ló ṣì ń sọ pé adájọ́ ló tà á fún mi.

Òwú ò lè ṣe èyí fún yín. Lórí pátákó tí gbogbo wa jọ ń wò, ẹni tí wọ́n ń yìn mọ ohun tí ẹni tó ń yìn án rí.

Èsì kẹta

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín nípa adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn òkè. Àwọn kan á to ọmọ ogun sórí góńgó òkè bíi pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, alóre kan á sì rí gbogbo wọn láti ibùsọ̀ kan. Ẹ̀yìn òkè lèmi máa ń fi tèmi sí, níwọ̀n ojúlé méjì sí góńgó. Alóre tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ gun góńgó náà fúnra rẹ̀, ìbọn arọ̀jò-ọta mi á sì ti máa dúró dè é. Alóre tí mo ti fi báyìí pa kò kéré.

Èsì kẹrin

Ẹ ta ìjà Mortain, Normandy, 7 sí 12 August 1944, kí ẹ rí ohun tí òkè kan àti rédíò kan lè ṣe. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láti 30th Infantry Division há sórí òkè tí wọ́n ń pè ní Hill 314, Jámánì yí wọn ká. Àwọn alóre tó wà lókè ń rí ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ń pe ọta lé ohun tó bá gbabẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì rédíò wọn ń kú lọ.

Apá Jámánì ni mo mú. Kùrukùru òwúrọ̀ bo ogun náà lóòótọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì fi dáìsì pinnu ìgbà tó máa ká. Níwọ̀n ìgbà tó wà, táǹkì mi ń lọ bí ẹni ń lọ sóde. Ó ká ṣáá, gbogbo ọ̀nà di pańpẹ́. Mi ò bá táǹkì rẹ̀ jà mọ́, òkè yẹn ni mo dojú kọ. Bátìrì rẹ̀ ni mo fẹ́ kó tán, torí òfin wa ni pé gbogbo ìpè ló ń jẹ nínú rẹ̀. Mo wá ń fi ọkọ̀ tí kò níye lórí hàn án lójú ọ̀nà kó lè máa pe ọta. Ó sì ń pè é! Alẹ́ ti lẹ́ kó tó fura.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Ti àfonífojì yẹn ti mú mi lọ́kàn, mo fẹ́ fi adájọ́ ta Mortain yìí, kí ẹni tó ń pe ọta má mọ̀ bóyá ọkọ̀ gidi ló rí. Èmi á mú apá Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo tábìlì mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bí adájọ́ yín ṣe ń ṣe kùrukùru síbí: ṣé gbogbo alóre ló ń ríran dé ibì kan náà, àbí ó ń yí i padà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà lókè sí?