Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù: ẹ wá sọ tiyín

Abílékọ Boston
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ta ló ti gbé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ Júù tó ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ rí? Èmi ti gbé pẹ̀lú ọ̀kan. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, títí ìràwọ̀ á fi yọ lálẹ́ Sátidé, kò ní fọwọ́ kan fóònù, kò ní tan iná, kò sì ní pa á. Iná balùwẹ̀ wa ń wà ní títàn mọ́jú. Ilẹ̀kùn àbáwọlé gan-an ni wàhálà. Káàdì oníná la fi ń ṣí i, kò sì lè lò ó. Á dúró síta nínú òtútù títí ẹnìkan á fi dé. Kì í ní kí n wá ṣí i, torí òfin wọn kò fẹ́ kí ó rán ẹlòmíràn níṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe. Èmi ni mo máa ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ onírin, ọ̀rọ̀ parí.

Ní December, kó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀ ni oòrùn ti ń wọ̀ níbí. Ẹ wo ẹni tó ní kíláàsì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì!

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mo ti lọ sí Hillel ní New Jersey. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ni. Yunifásítì Illinois ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1923. Kí n má parọ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló gbé mi débẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà nínú ilé kan náà. Àwọn Orthodox, ìyẹn àwọn Júù tó rọ̀ mọ́ òfin àtijọ́ pinpin, wà ní yàrá kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, àfi kí ọkùnrin pé mẹ́wàá kí àdúrà ìjọ tó bẹ̀rẹ̀. Ní yàrá kejì, wọ́n ń ka obìnrin mọ́ mẹ́wàá yẹn, obìnrin ló tiẹ̀ ń darí. Àdúrà parí, gbogbo wọn rọ́ wá sídìí tábìlì kan náà! Ìjọ tèmi á ti pín sí mẹ́ta.

Wọ́n súre sórí wáìnì, a fi ife ọlọ́wọ́ méjì bu omi sọ́wọ́, ni gbogbo ilé bá dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi bu búrẹ́dì, tí wọ́n dì bí irun. Búrẹ́dì méjì ni, nítorí mánà aginjù tó ń di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kẹfà. Ẹran adìyẹ la jẹ, òfin wọn kò sì fẹ́ kí ẹran àti mílíìkì pàdé, nítorí náà kò sí mílíìkì fún tíì.

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Àbúrò, lọ sí ilé Chabad náà, ẹgbẹ́ àwọn Júù Orthodox kan. UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i fún akẹ́kọ̀ọ́, ní 1969. Ilé rábì àti ìyàwó rẹ̀ ni, àwọn ọmọ wọn á máa sáré káàkiri ẹsẹ̀ àlejò. Ìyàwó rábì kò bi mí ní ìsìn tí mò ń ṣe. Bóyá ọbẹ̀ tó mi ló ń bi.

Mo rántí àwọn ọmọ ìjọ Séfúńtì-Dé nílé, tí ìdánwò Sátidé ń kó láyà sókè. Níbí, àwọn ọmọ Júù tí mo mọ̀ máa ń kọ̀wé sí olùkọ́ ní kété tí ìwé kíkà bá wọlé.

Ọmọ Ìbàdàn ní New York
Ẹ má sọ ọ́ bíi pé ohùn wọn ṣọ̀kan o. Ní àkókò Àjọ Ìrékọjá, April 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù kan jẹ oúnjẹ àjọ náà nínú àgọ́ àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn nítorí Gásà ní Yunifásítì Columbia. Àwọn Júù mìíràn nínú ọgbà kan náà sì ń sọ pé àgọ́ yẹn ń bà wọ́n lẹ́rù. Ní ilé Hillel tí mo mọ̀, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo káàdì.

Àlejò tuntun
Ẹ ṣé o. Wọ́n pè mí fún ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ṣé mo lè se jọ́ọ̀fù lọ?

Abílékọ Boston
Rárá o! Ìkòkò rẹ kì í ṣe kóṣà (ohun tó bá òfin oúnjẹ àwọn Júù mu). Ra wáìnì tí àmì kóṣà wà lára rẹ̀, kí o sì gbé e débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.