Ọjà ń tà, ṣùgbọ́n n kò rí owó tí n ó fi tún ọjà rà

Aláṣọ Ojúẹlẹ́gba:

Ẹ kú ọrọ̀ ajé, ẹ̀yin àgbà ọlọ́jà. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń ta àǹkárá ní ìsọ̀ kékeré kan nítòsí Ojúẹlẹ́gba. Balógun ni mo ti ń kó ọjà mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù. Bí mo bá ra ìdì kan, ìyẹn yáàdì mẹ́fà, ní ₦12,000, ₦15,000 ni mo máa ń tà á. Ọjà ń tà dáadáa, nítorí ogójì ìdì ni mo tà lóṣù tó kọjá. Síbẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ padà lọ kó ọjà, ₦70,000 péré ni mo bá nínú akáǹtì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti lọ yáwó. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ iye tí mo bá tà sí, ṣùgbọ́n inú akáǹtì tí àwọn oníbàárà ń sanwó sí náà ni mo ti ń ra gáàsì àti oúnjẹ ilé. N kò kọ́ ìṣirò owó rí. Ṣé kí n wá oníṣirò owó ni, àbí ohun kan wà tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe?

Ìyá Onípròfísọ̀n, Muṣin:

Ọmọ mi, ajé á wọ igbá. Kí o tó dé ìdí ìwé rárá, ya owó ọjà kúrò lára owó ilé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní Ojúwòyé, àpò méjì ni mo ní kí télọ̀ rán sí ara aṣọ tí mo ń wọ̀ tajà: ọ̀kan fún owó ọjà, èkejì fún owó tí a ó fi jẹun, ọwọ́ mi kì í sì í ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìnídìí. Lónìí, akáǹtì méjì ni ìwọ yóò fi ṣe é. Fún ara rẹ ní iye kan pàtó lọ́sẹ̀, bí ẹni ń sanwó fún ọmọṣẹ́, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá mú mílíìkì agolo kan lọ sílé, mo máa ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, wọ́n ní mo ń jẹ ara mi ní gbèsè.

Ìwé àwìn gbọ́dọ̀ dá dúró ní tirẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ tó gbé ọjà, ọjọ́ tó ní òun yóò san. Èmi kì í tiẹ̀ ṣe aláṣọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwìn aṣọ ẹbí máa ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí òde bá ti parí.

Oníṣirò, Yábà:

Ìdáhùn Màmá yìí ti gbé ìdajì iṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa: èló ni owó ìsọ̀ yín lọ́dún? Èló ni ẹ ń ná sórí ọkọ̀ tí ẹ bá lọ sí Balógun? Ṣé ẹ ní ọmọṣẹ́? Èló sì ni ẹ ń mú lọ sílé?

Aláṣọ Ojúẹlẹ́gba:

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ṣeun, Sà. ₦600,000 ni owó ìsọ̀, mo sì ti san ti ọdún yìí tán, nítorí náà n kì í kà á mọ́. Ọkọ̀ ń gbà tó ₦6,000 ní àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú owó alábàárù. Ọmọ tó ń bá mi tajà ń gba ₦40,000 lóṣù. Owó ilé á tó ₦20,000 lọ́sẹ̀.

Oníṣirò, Yábà:

Ibi tí ẹ ti ní ẹ kì í ka owó ìsọ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni pé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n oṣù kọ̀ọ̀kan ń jẹ ₦50,000 nínú rẹ̀, bí ọjà kò bá sì dá a padà díẹ̀díẹ̀, inú ojú owó yín ni ti ọdún tó ń bọ̀ yóò ti jáde.

Ẹ wò ó báyìí. Ogójì ìdì ní ₦15,000 jẹ́ ₦600,000, iye tí ẹ sì fi rà wọ́n jẹ́ ₦480,000. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦120,000. Ẹ yọ ₦50,000 ti ìsọ̀, ₦40,000 ti ọmọṣẹ́ àti ₦24,000 ti ọkọ̀: ₦6,000 ló kù, a kò tíì mẹ́nu ba náílọ́ọ̀nù àti owó tí báńkì ń yọ. Ẹ̀yin sì ń kó ₦80,000 lọ sílé. Ó kéré tán, ₦74,000 nínú owó ọjà ni ẹ ń jẹ lóṣooṣù. Owó tuntun tó ń wọlé lójoojúmọ́ ni kò jẹ́ kí ẹ tètè fura.

Ṣùgbọ́n ìdì tí ẹ bá tà lẹ́yìn ogójì kì í fi kún owó ìsọ̀ tàbí owó ọmọṣẹ́. Bí iye ìgbà tí ẹ ń lọ sí Balógun kò bá pọ̀ sí i, ìdì 25 sí i lóṣù yóò mú ₦75,000 wá, á sì gbọ́ bùkátà ilé yín. Ó tún dára kí ẹ̀yin àti aláṣọ mìíràn jọ máa háyà ọkọ̀ kan. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fowó lé ọjà ṣáájú èyí, nítorí àwọn tó ń ta irú aṣọ kan náà ní àyíká yín kò kéré.

Oníṣirò owó kò tíì kàn yín. Ìwé kan tó ní ojú ewé méjì tó kọjú síra ti tó: owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì. Lópin oṣù, ẹ ka gbogbo aṣọ orí pẹpẹ. Iye ọjà tó wà níbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí ẹ bá fi èyí tí ẹ rà kún un, tí ẹ sì yọ èyí tó kù, ni iye ọjà tó jáde. Bí ó bá ju èyí tí ìwé yín sọ pé ẹ tà lọ, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ìyókù wà. Ohun kan tún kù: ṣé ẹ ń gba àsansílẹ̀?

Aláṣọ Ìdúmọ̀tà:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó-orí kún un. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó-orí nínú. Ohun tí a ń wò fún oníṣòwò ni èrè lẹ́yìn ìnáwó ọjà, kì í ṣe gbogbo owó tó tà. Bí kò bá sí ìwé, ẹni tó ń ta ₦7,200,000 lọ́dún lè dà bí ọlọ́rọ̀ lójú ìjọba, LIRS, àjọ tó ń gba owó-orí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, sì lè fojú díwọ̀n ohun tó yẹ kó san. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì ní Balógun, kódà bí ó jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ, kí ọjọ́ àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù sì hàn lára rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù March ni gbèdéke fífi ìwé ìjíhìn owó-orí ti ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí wọn.

Aláṣọ Ojúẹlẹ́gba:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè àsansílẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára, Sà. Ẹnì kan san ₦150,000 sílẹ̀ fún aṣọ ẹbí tí n kò tíì rà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjà tí mo tà, mo sì ti ná an.

Oníṣirò, Yábà:

Gbèsè ni ẹ pè é títí tí aṣọ yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé mìíràn, owó àkọ́kọ́ tó bá sì wọlé, aṣọ yẹn ni kí ẹ fi rà.

Aláṣọ Ojúẹlẹ́gba:

Mo ti gbọ́, Sà. Mo ka pẹpẹ láàárọ̀ yìí: ìdì 19 ni mo bá, ìwé mi sì sọ pé ó yẹ kó jẹ́ 23. Ọmọ tó ń bá mi tajà ní òun náà ń kọ tòun sí ẹ̀yìn páálí kan, pé àwìn tí mo gbé fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Lálẹ́ òní ni a ó fi méjèèjì wéra.