Ẹ má fi "àlùbọ́sà" pe dáfódìlì fún wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa tó ń tú ìwé pélébé kan lórí ọ̀gbìn òdòdó sí Yorùbá béèrè orúkọ tí a lè fún dáfódìlì, òdòdó ìlú òyìnbó kan, pàápàá èyí kékeré tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò. Ẹnì kan dá a lóhùn pé "àlùbọ́sà òdòdó", ọ̀pọ̀ yín sì ti ń kan sáárá sí i. Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Àbúrò mi kó orí dáfódìlì mẹ́fà, ìyẹn ohun tó jọ àlùbọ́sà tí à ń rì mọ́lẹ̀ kó tó hù, wá fún mi láti ìlú òyìnbó. Òdòdó yìí kì í fẹ́ tanná àfi tí òtútù bá kọ́kọ́ mú un fún bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú òtútù yẹn ò sì sí l'Ábẹ́òkúta, àní nígbà ọyẹ́. Mo di wọ́n sínú àpò bébà, mo tì wọ́n sẹ́yìn fíríìjì. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ń se ọbẹ̀, àlùbọ́sà tán, wọ́n ṣí fíríìjì. Kí n tó wọlé, wọ́n ti bó èèpo gbígbẹ ara ọ̀kan, wọ́n ti là á sí méjì. Ohun tó gbà wá ni pé ojú wọn ò ta, nǹkan náà ò rùn, omi rẹ̀ sì ń fà yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ lára ọ̀bẹ. "Irú àlùbọ́sà wo rèé?"

Májèlé ni. Iná ìdáná kì í sì í pa oró rẹ̀. Ní 2009, àwọn ọmọ iléèwé kan ní England ṣàìsàn nítorí pé ẹyọ kan bá àlùbọ́sà wọnú ọbẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn ò tiẹ̀ pè é ní àlùbọ́sà o!

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọ̀pẹ òyìnbó náà kì í ṣe ọ̀pẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé igbà lọ dá ẹmu lára rẹ̀ rí. Orúkọ tó ń ran ni lọ sídìí ìkòkò ọbẹ̀ ni mò ń sá fún.

Ẹ má pe ohun tí à ń rì mọ́lẹ̀ náà ní iṣu, nítorí àgbẹ̀ tó bá gbọ́ iṣu á gé e ní ebù ni. "Orí" tó, bí a ti ń sọ orí ayù.

Ẹni tó ní ká kàn yá "dáfódìlì" lò kò ṣẹ̀. A yá lílì fún Mátíù 6:28, àlùbọ́sà gan-an, ọ̀dọ̀ Hausa la ti gbà á, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n dáfódìlì ní ẹbí nílé. Isumẹ̀rí tí àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà, ìdílé kan náà ni wọ́n. Òun náà ní orí abẹ́ ilẹ̀, òun náà kì í ṣe jíjẹ. Àwọn àgbà ń lò ó fún ìsọ̀yè. Ní 2004, àwọn onímọ̀ láti Ifẹ̀ àti London tẹ iṣẹ́ jáde lórí rẹ̀ nítorí ìlò yẹn. Inú dáfódìlì sì ni wọ́n ti ń rí galantamine, oògùn tí dókítà ń fún àwọn àgbàlagbà tí ìgbàgbé ń dà láàmú. Ṣé ẹ rí i? "Isumẹ̀rí òyìnbó" ni tèmi.

Ó ku èyí kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "aràrá". Kò sóhun tó dí i lọ́wọ́ láti ga, bó ṣe yẹ kó mọ náà ló mọ, bí gígùn báírò kan. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, tí Alec Gray, olùgbìn òdòdó kan, mú jáde ní Cornwall ní England, Tête-à-tête lorúkọ rẹ̀, nítorí pé òdòdó méjì sábà máa ń wà lórí igi kan, tí wọ́n kọjú síra bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Faransé ní orí sí orí. Àwa ti ní "foríkorí" láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Kí la tún ń wá?

Nínú márùn-ún tó kù, mẹ́ta hù, ọ̀kan ṣoṣo ló tanná: méjì lórí igi kan, yẹ́lò bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Oòrùn Ìbarà pa á láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá mi kò bá wa dá sí isumẹ̀rí tàbí foríkorí. "Májẹmi" ni wọ́n ń pè é, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi fi í kún àwọn orúkọ tí a fẹ́ dìbò lé lórí.