Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n tún kámẹ́rà bàbá mi ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn?

Àbẹ̀ní Onífọ́tò:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ lórí kámẹ́rà yìí. Mo gbé e fún ọkùnrin kan ní Èkó tí wọ́n ní ó mọ kámẹ́rà oní-fíìmù tún ṣe dáadáa. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá pè é, á ní òun wà lójú ọ̀nà. Bí mo bá tún pè, ìyàwó rẹ̀ ló máa gbé fóònù. Nígbà tó sú mi, mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ bá a. Orí pẹpẹ ni mo bá kámẹ́rà bàbá mi, láàárín rédíò àti ẹ̀rọ ìlọta, eruku ti bò ó. Ó gba ₦25,000 lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ₦180,000 lòun máa gbà tún un ṣe, kò sì sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Ìdérí lẹ́ǹsì tí bàbá mi fi abẹ kọ orúkọ wọn sí ti sọnù. Ìdérí yẹn ló dùn mí jù, kí n má parọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní ẹrù àtijọ́ ni, kí n gbé e sọnù. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo dárúkọ ₦180,000. Mo ti rí irú rẹ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦240,000, láì tíì ka owó tí wọ́n máa fi gbé e dé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mi ò sùn dáadáa mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Irú kámẹ́rà wo ni? Kí ló ń ṣe é? Gbogbo ohun tí o kọ yìí, méjèèjì ò sí níbẹ̀.

Ìyá Fíláàsì:
Àbẹ̀ní, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa bá ọ wí. Báwo lo ṣe máa fi irinṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀ rí fún oṣù mẹ́rin, láìgba rìsíìtì? Èmi náà gbé fíláàsì mi fún ọmọkùnrin kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun ṣì ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo lọ ya ìgbéyàwó, mo gbójú sókè, fíláàsì mi rèé lórí kámẹ́rà ẹlòmíì! Ó ti fi í háyà. Tééèpù pupa tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ fún mi ò ní fọwọ́ kan ẹrù mi.

Túndé Lẹ́ǹsì:
Àǹtí, ẹ ra kámẹ́rà dìjítà, kí ẹ sinmi. Fíìmù ti wọ́n jù, ẹni tó máa fọ̀ ọ́ gan-an ò pọ̀ mọ́. Kí lẹ fẹ́ fi ẹrù yẹn ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Túndé, kò bèèrè ìyẹn. Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Brownie D lásán lọ́dún 1950, kámẹ́rà tí kò ní fíláàsì. Fíìmù náà ni wọ́n fi ya irun orí àwọn obìnrin wa láti 1968 lọ, títí dòní gbogbo ayé ṣì ń wò ó.

Túndé Lẹ́ǹsì:
Kò sí dìjítà nígbà náà, ẹ̀gbọ́n. Ká ní ó wà ni, ṣé wọn ò ní lò ó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Jẹ́ kí obìnrin yìí dáhùn ìbéèrè mi ná.

Àbẹ̀ní Onífọ́tò:
Canon AE-1 ni. Apá tí a fi ń wọ́ fíìmù ò lọ mọ́, bí mo bá sì tẹ bọ́tìnì, kò dáhùn rárá. Túndé, mi ò fi í wá owó, mo ní dìjítà méjì fún òde. Màmá Fíláàsì, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún ló júwe ọkùnrin náà. Ojú tì mí láti máa bèèrè rìsíìtì níwájú rẹ̀.

Ìyá Fíláàsì:
Ojú tì ọ́, ìdérí sì sọnù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ́ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sójú ọ̀nà. AE-1 kì í ṣe bíi Pentax K1000 o. K1000, bí bátìrì rẹ̀ bá kú, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kú pẹ̀lú rẹ̀, kámẹ́rà á ṣì máa yà. Ṣùgbọ́n AE-1 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1976 ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré nínú, iná bátìrì ló ń tú ṣọ́tà sílẹ̀, ìyẹn aṣọ tó ń ṣí fìrí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù. Bátìrì kú, bọ́tìnì ò ní dáhùn, apá tí a fi ń wọ́ fíìmù á sì há pa. Ohun tí o ṣàlàyé gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bátìrì 6V ni ó ń lò, 4LR44. Bọ́tìnì dúdú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí a fi ń ká fíìmù padà. Tẹ̀ ẹ́, kí o máa wo inú ihò ìwòran: abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé 5.6 tàbí kó kọjá á sísàlẹ̀. Ìgbà wo lo pààrọ̀ bátìrì gbẹ̀yìn?

Àbẹ̀ní Onífọ́tò:
Mi ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ₦25,000 á ti yẹ bátìrì wò, àbí?

Túndé Lẹ́ǹsì:
Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ wo ohun tó há síbẹ̀. Ẹ fín òróró ìdè-ilẹ̀kùn sí i díẹ̀, á lọ.

Bàbá Dáàkùrúùmù:
Rárá o! Kí ẹnikẹ́ni má fín òróró sínú kámẹ́rà. Á ṣàn lọ sára ṣọ́tà, ìṣòro kan á di mẹ́ta. Àbẹ̀ní ọmọ mi, kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, wo ojú òǹkà tó wà lókè, tó ń ka iye fọ́tò tí wọ́n ti yà. Nọ́ńbà wo ló wà níbẹ̀?

Àbẹ̀ní Onífọ́tò:
23 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sà, ṣùgbọ́n ó ti padà sí S, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀, báyìí.

Bàbá Dáàkùrúùmù:
Fíìmù ta ni?

Àbẹ̀ní Onífọ́tò:
Ti bàbá mi ni. Ọdún 2022 ni wọ́n fi wá sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú, wọ́n máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ya ohunkóhun tó bá kọjá: màmá mi tó ń pa ẹ̀gúsí, ewúrẹ́ aládùúgbò, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mi ò mọ èyí tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ gbogbo rẹ̀. Kí n tó gbé e lọ sí Èkó, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé fíìmù wà níbẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo tì í padà, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, àmọ́ òǹkà ti padà sí S.

Ìyá Fíláàsì:
Yéè! Àbẹ̀ní! Kí ló dé tí o ò sọ èyí láti àárọ̀? O ń sọ ti ìdérí fún wa!

Àbẹ̀ní Onífọ́tò:
Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní mo ti bà á jẹ́, mà.

Bàbá Dáàkùrúùmù:
Fara balẹ̀. Nínú kámẹ́rà yìí, èyí tí wọ́n bá ti yà ló ń lọ wé mọ́ igi ìwéfíìmù lápá ọ̀tún. Ìpele òde ni ìmọ́lẹ̀ máa kọ́kọ́ bà jẹ́, pẹ̀lú èyí tó tẹ́ sílẹ̀ láàárín. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà wà nísàlẹ̀, ìpele tó wà lórí wọn ló bò wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí o pàdánù mélòó kan nínú àwọn tó gbẹ̀yìn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Gbọ́ ohun tí wàá ṣe. Ọ̀rọ̀ títún un ṣe kọ́ nìyí mọ́, gba fíìmù yọ ná. A ò nílò bátìrì fún ìyẹn. Lọ sínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bọ́tìnì kékeré kan wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà, tẹ̀ ẹ́. Tú ọwọ́ kékeré tó wà lókè lápá òsì, kí o máa yí i bí ọfà orí rẹ̀ ṣe tọ́ka, díẹ̀díẹ̀. Má fà á sókè o! Bí o bá fà á sókè, ẹ̀yìn á ṣí. Wàá máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé nǹkan ń fà, títí tó máa já wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà náà ni kí o tó ṣí i. Fi agolo fíìmù náà sínú ike tó dé dáadáa, gbé e sínú fìríìjì, torí ooru ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlá lọ́dún 1974, ìyá kan gbé ọmọ wá, ìkejì rẹ̀ ti lọ. Irú iṣẹ́ yẹn wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ya ọmọ tó kù, a ó tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Ọ̀gá mi gbé fíìmù náà fún mi, ó ní, "Èyí ò ní ìkejì." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo mọ bó ṣe ń ṣe ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ àkànṣe. Àbẹ̀ní, bó bá yá tí bátìrì tuntun bá jí i, tẹ́tí sí i bó ṣe ń yà. Bó bá ń ké fíín, òróró tó gbẹ lára àwọn eyín kéékèèké tó ń gbé dígí inú rẹ̀ ni. Ó wọ́pọ̀ lára AE-1, tèmi náà ké bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa fi abẹ́rẹ́ kán òróró sí i. Fóòmù ẹ̀yìn tó ń dínà ìmọ́lẹ̀ náà á ti di ọ̀dà, pípààrọ̀ rẹ̀ ò wọ́n. Má ra òmíràn. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ti dàgbà tó tìrẹ, ìwọ ò sì mọ ilé tó ti wá.

Túndé Lẹ́ǹsì:
Àǹtí, ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ ẹ ṣí i yẹn. Mi ò mọ̀.

Àbẹ̀ní Onífọ́tò (lọ́jọ́ kẹta):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ṣe é. Inú wọ́dúróòbù ni mo wọ̀ lóru, ọkọ mi fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìgbà tó já. Kodak Gold 200 ni, ó ti wà nínú fìríìjì.

Bátìrì ti tú nǹkan funfun sílẹ̀. Mo fi òwú àti ọtí kíkan díẹ̀ nu ojú irin náà, mo jẹ́ kó gbẹ, mo ra tuntun ní Dùgbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀ kọjá 5.6. Mo tẹ bọ́tìnì, ó yà! Ó ké fíín bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹni tó gba ₦25,000 ò ṣí ilé bátìrì wò rárá nìyẹn.

Bàbá Dáàkùrúùmù:
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Àbẹ̀ní, òògùn C-41 tí wọ́n fi ń fọ fíìmù aláwọ̀ ló máa fọ̀ ọ́, mo ní in. Ìwọ̀n ooru 38, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin kan nínú òògùn àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ lè ti ṣá, má retí pé kó dà bíi tuntun. Gbé e wá sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ni mo máa ṣe é.

Àbẹ̀ní Onífọ́tò:
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Màmá mi ní àwọn fẹ́ bá mi wá. Ṣé àyè á wà?

Bàbá Dáàkùrúùmù:
Àyè wà. Ẹ tètè jáde nílé.