Ẹ gbà mí o, oúnjẹ àti omi tí mo ń kó pamọ́ de òjò ti dá ìjà sílẹ̀

Ìyá Tólú: Ẹ kú ilé o. Mi ò sùn mọ́jú, inú ló ń bí mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ra oúnjẹ sílé de òjò ọdún yìí: gààrì Ìjẹ̀bú, ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ. Owó ìsọ̀ mi ni, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá Tólú. Síbẹ̀ wọ́n ní mo ti sọ yàrá di ọjà Mile 12. Àbúrò wọn obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa náà ń dá sí i, bẹ́ẹ̀ lánàá ló bu ẹ̀wà mi sè láìbèèrè! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa ṣe tí kòkòrò ò fi ní jẹ ẹ̀wà? Omi mélòó ni kí n pọn?

Àlàájà Ẹlẹ́wà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Sá ẹ̀wà náà kó gbẹ dáadáa, rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kó kún dẹ́nu, kí o sì dé e pinpin. Kòkòrò tí ò bá rí atẹ́gùn á kú.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Sniper díẹ̀, oògùn apakòkòrò yẹn, ló máa parí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, májèlé ni! Ẹ má fi sí ohun tí ọmọ máa jẹ.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: A ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Mo ti tọ́jú ẹni tí wọ́n gbé wá nítorí irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀. Ẹ yé gba èèyàn nímọ̀ràn yẹn.

Bàbá Ìbàdàn: Oúnjẹ kọ́ ló máa ń le jù, omi ni. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí àgbàrá gbé afárá lọ n'Ìbàdàn, gààrì wà nílé wa. Ṣùgbọ́n omi ṣáláńgá ti wọ kànga. Àwọn tó pọn ọ́n mu ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Bàbá mi máa ń sọ pé bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà tí odò Ògùnpa kún lọ́dún 1980.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Òótọ́ ni, bí kọ́lẹ́rà ṣe ń wọlé nìyẹn. Ẹ ka lítà 4 fún ẹnì kan lóòjọ́, fún mímu àti sísè. Ẹ má lo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi gbé bẹntiróò tàbí kẹ́míkà rí, fífọ̀ ò lè tán an. Èèyàn mélòó ni yín?

Ìyá Tólú: A jẹ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Fún ọ̀sẹ̀ kan, lítà 168 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje á tó.

Àlàájà Ẹlẹ́wà: Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé àbí ìsàlẹ̀?

Ìyá Tólú: Ìsàlẹ̀ ni. Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú la wà. Lọ́dún tó kọjá omi dé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ó padà fà. Wọ́n ti wá sọ fún wa pé ká kó kúrò. Ìyá ọkọ mi tí wọn ò lè rìn dáadáa wà níbẹ̀, ìsọ̀ mi wà níbẹ̀, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé ni.

Bàbá Ìbàdàn: Háà! Ibi tí odò Ògùn ti ń kún nígbà tí wọ́n bá ń tú omi ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán sílẹ̀! Ojú fèrèsé, tí ẹ̀wà wà nílẹ̀?

Àlàájà Ẹlẹ́wà: Ọkọ rẹ ńkọ́, kí ni wọ́n wí?

Ìyá Tólú: Wọ́n ní ká lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Kétu. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Èmi ni mo ní mi ò lè bá ìyàwó yẹn gbé. Ìdí tí mo fi ń kó oúnjẹ jọ nìyẹn, ká lè dúró sílé tiwa.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ẹ̀hẹn, wọ́n wá ní ọkọ ló burú.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Bọ̀dá. Ìyá Tólú, ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín kọ́kọ́ lọ lọ́la, kí omi tó dé. Ẹni tí ò lè rìn ò ṣeé gbé nínú àgbàrá. Ẹ kó oúnjẹ náà lọ sí Kétu, ẹ ò ní máa tọrọ lọ́wọ́ ìyàwó yẹn. Ẹ wé ìwé ilé àti oògùn Màmá sínú ọ̀rá. Tí omi bá ká yín mọ́lé, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè.

Ìyá Tólú: Màmá á lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n ta ni á máa bá mi ṣọ́ ìsọ̀?

Àlàájà Ẹlẹ́wà: Ọjà wo lo ń tà? Ṣó ṣeé kó?